Tún: ìtumọ̀ àti orísun ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. A ń ṣe àdàkọ ohùn bàbá àgbà kan ní Kétu, tí wọ́n jókòó sọ ìtàn ìlú náà fún wa láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí bàbá dé ibi tí àwọn ará Kétu ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrú ní Dànhọ̀mẹ̀, wọ́n ní: «Wọ́n dé, wọ́n tún ìlú kọ́.» Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ṣe àdàkọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé: «Wọ́n dé, wọ́n tún kọ́ ìlú.» Ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé pé wọ́n kọ́ ìlú mìíràn. Nígbà tí a padà lọ ka ohun tí a kọ fún bàbá, wọ́n tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, àfi ibẹ̀ yẹn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, Kétu mélòó ló wà?»

A kọ́kọ́ rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà ni a kọ, ipò ọ̀rọ̀ méjì péré ló yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a wo gbólóhùn méjèèjì dáadáa, a rí i pé bàbá ló jàre, àti pé ohun tí wọ́n ń bá wa jà sí kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, «tún». Ọmọ ọdún méjì tí a gbé sókè tí a sì sọ̀ kalẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: «Tún un ṣe! Tún un ṣe!» Kò sí ọjọ́ kan tí a kì í lò ó, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó túmọ̀ sí gan-an. Bí ẹ bá bi ènìyàn ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Sakété, yóò ní «lẹ́ẹ̀kan sí i» ni, tàbí kó fi Faransé dáhùn pé «encore» ni. Ìdáhùn yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ní «Àkànní tún kọ́ ilé», ohun tí olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ gbé sọ́kàn ni pé Àkànní ti kọ́ ilé kan tẹ́lẹ̀, ó sì ti kọ́ òmíràn. Ilé ti di méjì. Àwọn aládùúgbò lè máa kí i kú oríire, àwọn mìíràn lè máa béèrè ibi tó ti rí owó. Ṣùgbọ́n bí a bá ní «Àkànní tún ilé kọ́», ilé kan ṣoṣo là ń sọ. Ó ti wó ni, tàbí òjò ti jẹ ògiri rẹ̀, tàbí iná ti jó òrùlé rẹ̀, Àkànní sì gbé e dìde padà. Bákan náà ni ọbẹ̀: ẹni tó «tún se ọbẹ̀» ti gbé ìkòkò mìíràn kaná, ẹni tó «tún ọbẹ̀ sè» ń se èyí tó wà nílẹ̀, bóyá nítorí pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó tàbí pé ẹran rẹ̀ kò jinná. Aṣọ náà ńkọ́? Aránṣọ tó «tún rán aṣọ» ń fẹ́ kí ẹ san owó iṣẹ́ tuntun. Èyí tó «tún aṣọ rán» mọ̀ pé òun ló ba tàkọ́kọ́ jẹ́.

A kò sọ pé gbogbo ènìyàn ló ń pa ìyàtọ̀ yìí mọ́ nígbà gbogbo. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ lè gbọ́ «ó tún kọ́ ilé náà» kí ó sì jẹ́ pé ilé tó wó ni wọ́n ń sọ. Àkíyèsí tí a ṣe ni pé èkejì kì í yẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun «tún ilé kọ́» kí ó máa fi ilé mìíràn hàn wá. Ìgbà tí orúkọ nǹkan náà bá wà láàárín «tún» àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e, nǹkan náà kò pọ̀ sí i: òun kan náà ni a padà lọ bá.

Ibí yìí ni a ti lè rí orísun ọ̀rọ̀ náà, nínú èdè fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a ń wá a kiri. Àwọn ìwé gírámà sábà máa ń ka «tún» mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, bí «ṣẹ̀ṣẹ̀» àti «kàn»: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó kàn dé, ó tún dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi orúkọ nǹkan sáàárín «ṣẹ̀ṣẹ̀» àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, kí ẹ ní «ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ilé kọ́», ẹ ó rí i pé ẹnu yín kò ní gbà á. «Tún» nìkan ló gbà á. Tí a bá sì fi «ilé» sílẹ̀ tí a lo ọ̀rọ̀ arọ́pò, «tún un kọ́» ni a ó wí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé «gbé e wá», «mú un lọ», «kó o dànù». Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gba irú arọ́pò bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ara wọn, ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n. Ní tiwa, ìdájọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe gidi ni «tún» ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tó ní nǹkan tó ń fọwọ́ kàn, bí «gbé» ṣe ní ohun tó ń gbé. Ohun tí a tún ni ohun tí a padà fọwọ́ kàn kí ó lè rí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ́ bí a ti ń dúró níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn láìgba nǹkan kan sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ «lẹ́ẹ̀kan sí i» ti gbòòrò. Lónìí, bí ẹnìkan bá sọ pé «mo tún ilé», tó sì dákẹ́, gbogbo wa ni a ó máa wò ó lẹ́nu pé kó parí ọ̀rọ̀: o tún un kí ni? Agbára rẹ̀ láti dá dúró ti lọ. Ọwọ́ tó fi ń di nǹkan mú ni kò tíì jù sílẹ̀.

Èyí ló fà á tí «tún nǹkan ṣe» fi di ọ̀rọ̀ àtúnṣe ní ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò ṣe kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tó ń tún ilé ṣe kí àlejò tó dé kò kọ́ ilé. Ẹni tó tún ara rẹ̀ ṣe kó tó lọ sí òde ti wẹ̀, ó ti dirun, ó ti kun àtíkè. Tí a bá sì ní kí ọmọ tún ìwà rẹ̀ ṣe, a kò ní kó hùwà náà lẹ́ẹ̀kejì o! Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi ìwé atúmọ̀ èdè nìkan túmọ̀ Yorùbá sí Faransé.

Ọ̀rọ̀ míì tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wa ni pé «tún» àti «tuntun» ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pé ohun tí a tún ṣe ló ń di tuntun. Ó dùn ún gbọ́. A kò gbà á. Ohùn àárín ló wà lórí «tuntun», «titun» àti «ọ̀tun». Ohùn òkè ló wà lórí «tún». Nínú èdè tí ohùn ti ń ya ọkọ kúrò lára ọkọ́, a kò lè fojú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ohùn òkè nìkan wá ìbátan, a ó tún lọ mú «ọ̀tún», ọwọ́ tí a fi ń jẹun, wọlé, èyí tí kò bá àtúnṣe tan rárá. Ìtumọ̀ wọn pàápàá ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó «sọ nǹkan dọ̀tun» fẹ́ kí a gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó «tún nǹkan ṣe» gbà pé nǹkan náà ti wà, ó ti lo ọjọ́ orí, ó sì yẹ kó máa wà lọ.

Láti ara «tún» ni Yorùbá ti ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀nà kìíní: a fi «à» síwájú, a ní àtúnṣe, àtúnsọ, àtúnkọ, àtúntẹ̀ fún ìwé, àtúnyẹ̀wò, àtúnwáyé. Ọ̀nà kejì: a fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà há «tún» láàárín, a ní àwítúnwí, àsọtúnsọ, àkàtúnkà, àṣetúnṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ ìṣe yọjú nínú ọ̀rọ̀ kan, kí etí fúnra rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Àtúnsọ lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí pé ẹni kan kò gbọ́ dáadáa. Àsọtúnsọ ti pọ̀ ju ìyẹn lọ, ó ti di èyí tí a ń gbọ́ títí tó fi ń sú ni, tàbí tó fi wọ̀ wá lára. Àtúnṣe ni mẹkáníìkì ń ṣe. Àṣetúnṣe ni ọmọ tó ń kọ́ ìlù ń ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi yá. Àwọn olùkọ́ èdè náà ti gba ọ̀nà kejì yìí lò: àwítúnwí ni wọ́n ń pe ọgbọ́n akéwì tó ń dá ọ̀rọ̀ kan náà sọ léraléra, àpètúnpè sì ni wọ́n ń pe bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tàbí apá kan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn, bí «ojúmọ́» tó di «ojoojúmọ́», bí «díẹ̀» tó di «díẹ̀díẹ̀».

Ẹ má sì gbàgbé pé «tún» kì í fi ìgbà gbogbo mú inú dùn. «O tún ti dé!» kì í ṣe ìkíni. «Kí lo tún fẹ́?» kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó fẹ́ fún ni ní nǹkan. Gbogbo ẹni tí ìyá Yorùbá tọ́ ló mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn «má jẹ̀ẹ́ kí n tún un wí o». Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun kan tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì rárá: «ó lówó, ó tún lẹ́wà» kàn ń to oore kan lé òmíràn lórí ni.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọnú ayé wa jù, orúkọ ni. Bí bàbá àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọkùnrin sínú ìdílé náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, Babátúndé ni a ó pè é. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló lọ, tí a bí obìnrin, Yétúndé ni. Ẹ wo ibi tí «tún» wà: Bàbá tún dé. Kò sí ẹni tó ń sọ pé a tún Bàbá ṣe. Ìlànà tí a rí lára ilé àti ọbẹ̀ kò yí padà níbí: dídé ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn bàbá wa kò sì rí i bíi pé ẹni tó lọ ti fi ọ̀run sílẹ̀. Nílé tí Babátúndé ti ń sáré kiri, a ṣì lè pe bàbá àgbà kan náà nínú Egúngún, kí a sì máa bọ ojú oórì rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọpọlọ ìṣirò wò ó yóò ní kò ṣeé ṣe. Ẹni tó gbọ́ èdè mọ̀ pé «tún dé» kò túmọ̀ sí «kúrò níbẹ̀». Ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ ọmọ náà ní «Bàbápadà».

Àwọn orúkọ mìíràn ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìlo «tún»: Ìyábọ̀, Babájídé, Yéwándé. Àwọn mìíràn sì lo «tún» fún nǹkan tí kì í ṣe ènìyàn: Ọlátúnjí, pé ọlá tó ti sùn jí padà, Adétúnjí, Akíntúndé, Ògúntúndé. Ọ̀gbẹ́ni onílù tó gbé ìlù wa dé etí àwọn ará Amẹ́ríkà, Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, ìtòsí ààlà wa níbí, ní «tún» méjì nínú orúkọ rẹ̀: bàbá tún dé, ọlá sì tún jí.

Ọ̀rọ̀ tó kọjú sí «tún» ni «mọ́». «Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́» ni a ń sọ fún ọmọ: «tún» ń ṣí ilẹ̀kùn, «mọ́» ń tì í. Ẹ wá gbé Babátúndé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àbíkú. Ọmọ tí a gbà pé ó ń wá, tó ń lọ, tó tún ń wá, èyí tó ti mú ìyá rẹ̀ sunkún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sẹ́ni tó ń fi «tún» sínú orúkọ rẹ̀. Málọmọ́ ni wọ́n ń pè é: má lọ mọ́. Tàbí Dúrójayé. Nínú àgbo ilé kan náà, ìdílé kan náà, wọ́n ń bẹ ọ̀kan pé kó tún dé, wọ́n ń bẹ èkejì pé kó má tún lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí ló gbé ìrètí àti ẹ̀rù ìyá ọlọ́mọ.

Nínú ìwé ìbí lọ́dọ̀ ìjọba wa, orúkọ wọ̀nyí ń jáde lọ́nà Faransé: Babatoundé, Olatoundji, Yétoundé. «Ou» ni àwọn akọ̀wé ìgbà amúnisìn fi kọ «u» wa, «dj» ni wọ́n fi kọ «j», bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀, orúkọ ẹni ni orúkọ ẹni. Ohun tí a kàn ń rí ni pé ọmọ tó bá ń kọ «toun» láti kékeré kì í tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ń lò lójoojúmọ́, «tún», ló wà nínú orúkọ òun. Ó lè kà á bí «ti òun». A ti pàdé Babatoundé tó ti lé ní ogún ọdún tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ àkójọ tí à ń ṣe ti kọ́ wa ní nǹkan kan nípa àtúnsọ. Kò yẹ kí ọmọdé dédé wí fún àgbà pé «ẹ tún un sọ». Àgbà lè rò pé ẹ kò fọkàn sí ohun tí òun ń sọ, tàbí kí ó rán yín létí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ibẹ̀ sọ, etí wa kò gbé e» ni ó ń jẹ́. Bí a tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kejì kì í rí bí ti àkọ́kọ́. Ó máa ń kúrú. Oríkì tó kún fún orúkọ mẹ́wàá á di márùn-ún, àwàdà inú rẹ̀ á sá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti kí wọn tán, pẹ̀lú àṣẹ wọn, tí a kì í sì í pa á títí a ó fi dìde. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí àgbà kò ní tún wí nítorí ẹ̀rọ rárá. Ọfọ̀ kì í ṣe àpẹẹrẹ. A kì í rọ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí àwítúnwí jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì. Ẹ lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀ nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 tí wọ́n sì kọ sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ á dá orin, á bá àwọn tó ń ba ìlú jẹ́ wí, á sì fi àwọn ọkùnrin tó rò pé àwọn gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn elégbè á gbà á, wọ́n á tún un gbé. Orin tuntun ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti gbé e bí ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo agbo ti mọ̀ ọ́n. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọdé á máa kọ ọ́ lọ sódò. Ẹni tí orin bá bú kò ní ibi tó máa sá sí. Bí ẹlẹ́fẹ̀ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, ìbáwí yẹn ì bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kétu tún ní oyè kan tí àwítúnwí jẹ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́gùn ni wọ́n ń pè é, inú ìdílé kan ni oyè náà ti ń jáde, òun ló sì gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba látorí ẹni àkọ́kọ́, kó sì kà á síta nígbà tí wọ́n bá fi Alákétu tuntun jẹ. Ẹ rò ó wò. Ọba kan lè lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n lórí ìtẹ́. Kò sí ìwé níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè gbọ́ ọ ní gbangba ní gbogbo ayé ọkùnrin kan, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fo orúkọ kan. Ìyẹn ni pé nínú ilé ni àwítúnwí gidi ti ń ṣẹlẹ̀: bàbá ń wí i fún ọmọ, ọmọ ń tún un wí fún bàbá, ní àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

Èyí ni ohun tó ń kọ wá lóminú lóde òní. Ọmọ ilé wa ń lọ sí ilé ìwé níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọ. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, bí owó bá wà, a ń bá a wá ẹni tó máa tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ọ nílé, «répétiteur» ni à ń pe onítọ̀hún, àní atúnwí. A ń sanwó fún atúnwí Faransé, ó dára, ọmọ gbọ́dọ̀ yege. Ta wá ni atúnwí oríkì? Ìyá àgbà ni tẹ́lẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ní àárọ̀, nígbà tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu kì í gbé pẹ̀lú ìyá àgbà mọ́. Ìgbà ọdún nìkan ni wọ́n ń rí wọn, wọ́n sì ń gbọ́ «àṣèyí ṣàmọ́dún» láìmọ̀ pé àdúrà àtúnṣe ni: bí a ti ṣe é ní èyí, kí a ṣe é ní ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Kétu, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1886, lábẹ́ ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ wó Kétu. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí ìhà Abomey, ìlú sì di ahoro. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ láàárín 1892 sí 1894, àwọn ẹrú Kétu rí ọ̀nà bọ́. Wọ́n lè dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n lè wá ilẹ̀ mìíràn tẹ̀dó, ilẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Orí ahoro kan náà ni wọ́n padà sí. Inú igbó tó ti hù níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣán ojúbọ àti ojú ilé, ìdílé kọ̀ọ̀kan wá àdúgbò rẹ̀, wọ́n sì fi Alákétu jẹ láti ìdílé ọba tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà wà níbẹ̀ di òní. Ní òdìkejì òkun pàápàá, ní Bahia, àwọn tí wọ́n ti kó lọ ṣáájú ìgbà náà fi orúkọ ìlú náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn: orílẹ̀ Kétu ni ọ̀pọ̀ ilé Candomblé ń pe ara wọn ní Brazil.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìbéèrè bàbá: Kétu mélòó ló wà? Bí a bá kọ ọ́ pé wọ́n «tún kọ́ ìlú», ẹnìkan lè rò pé Kétu àtijọ́ kú ní 1886, pé àwọn tó dé lẹ́yìn náà kọ́ èkejì. Bí Kétu bá sì ti di méjì, orúkọ àwọn ọba tí Bàbá Ẹlẹ́gùn ń kà gbọ́dọ̀ já sí méjì. Ìdílé tó ní òun ni ilẹ̀ kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó fi máa dúró. Ìlú ọmọ ọdún bí àádóje péré ni à bá máa sọ. Bàbá kò ṣàlàyé gbogbo ìyẹn. Wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ náà sí ààyè rẹ̀: wọ́n tún ìlú kọ́.

A ti ṣe àtúnṣe sí àdàkọ náà. Ní Faransé, a yọ «une autre ville» kúrò, a kọ «ils ont relevé la ville» dípò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló dábàá rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti jiyàn lórí rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. A sì ń lọ wo àwọn àdàkọ mìíràn tí a ti ṣe ní Ṣábẹ̀ àti ní Pobè, níbikíbi tí «tún» bá ti yọjú, láti mọ̀ bóyá a gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Títí di ìsinsìnyí a ti rí mẹ́ta tí a kọ sódì.